Ẹ kọ́ ilé títọ́jú kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù míṣọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ wa l'Àgbádárìgì, láti Àjárà àti Tòpó títí dé ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀,

Mo kí yín o. Láti ìgbà tí èmi àti ìyá yín ti ti míṣọ̀n wa ní Sàró (Sierra Leone) dé ni ẹ ti ń da ìbéèrè kan náà bò mí lẹ́yìn ìsìn: "Bàbá, èèyàn mélòó lẹ rì bọmi níbẹ̀?" Ìbéèrè náà kò bí mi nínú, àmọ́ mo ti rẹ́rìn-ín sí i tó. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọjọ́ tí a lò lọ́hùn-ún, a ò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Sílíńdà gáàsì la ń yẹ̀ wò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí sí yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, tí ẹ ti ń wo fọ́ọ̀mù míṣọ̀n lójú, ìyẹn iṣẹ́ tí ìjọ máa ń rán èèyàn lọ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ara ìjọ wa náà lè kà á, kò sí awo kankan níbẹ̀.

Ẹ ti mọ̀ pé Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹyìn máa ń rán ọ̀dọ́ jáde ní méjì-méjì. Àwọn lẹ ń rí lójú títì, tí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí wọ́n so táì, tí báàjì dúdú wà láyà wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni pé wọ́n ń rán àwa arúgbó náà. Tọkọtaya tí kò ní ọmọ kékeré nílé mọ́, tí ara wọn ṣì gbé e, lè lọ fún oṣù mẹ́fà, ọdún kan, ọdún kan àtààbọ̀, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ara wọn. Kò sí owó oṣù. Kò pọn dandan kí wọ́n máa kanlẹ̀kùn kiri bíi tàwọn ọ̀dọ́. Iṣẹ́ tí ààrẹ míṣọ̀n, ẹni tó ń darí iṣẹ́ náà níbẹ̀, bá gbé lé wọn lọ́wọ́ ni wọn óò ṣe: iṣẹ́ ọ́fíìsì, ìwé owó, ètò ìlera, kíkọ́ àwọn olórí ìjọ kéékèèké bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀. Àwa, ilé gbígbé àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àfikún lásán ni àwọn arúgbó wọ̀nyí. Nígbà tí ìjọ yìí fẹ́ wọ Nàìjíríà ní oṣù kọkànlá ọdún 1978, tọkọtaya méjì ni wọ́n rán wá, àgbà sì ni wọ́n: Rendell Mabey àti Rachel ìyàwó rẹ̀, Edwin Cannon àti Janath ìyàwó rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà ni Anthony Obinna àti àwọn méjìdínlógún mìíràn ṣe ìrìbọmi nílẹ̀ Ìgbò, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń pàdé fúnra wọn fún ọdún bíi mélòó kan, tí wọ́n sì ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà pé ẹ wá o. Àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ wa ṣe ń rí ní Freetown. Ìyá yín a ti jí kí n tó jí. A ó ka ìwé mímọ́, a ó gbàdúrà, a ó jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Kó tó di aago mẹ́jọ, fóònù ti bẹ̀rẹ̀. Omi ò yọ ní Kissy. Ilẹ̀kùn ò tì mọ́ ní Lumley. Lánlọ́ọ̀dù kan ní Wellington fẹ́ gba owó rẹ̀. A ó wọ mọ́tò. Òkè ni Freetown. Ẹni tó dàgbà sétí ọ̀sà bíi tiwa yìí, orúnkún rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún un pé òun ti kúrò nílé.

Bí a bá wọ ilé àwọn ọmọ náà, èmi a kọrí sí kíṣìnnì, ìyá yín a kọrí sí yàrá. Màá po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi díẹ̀ nínú ife, màá fi pa ojú ibi tí rọ́bà gáàsì ti wọ orí sílíńdà àti ibi tó ti wọ ara sítóòfù. Bó bá ń yọ ìfófòó, gáàsì ń jò nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ ṣáná nínú ilé náà títí a ó fi pààrọ̀ rọ́bà. Ó kan fílítà omi. Irú èyí tó ní ọ̀pá funfun nínú yẹn, omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ la fi ń fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ yóò máa mu ọṣẹ. Nínú yàrá, ìyá yín a gbé fóòmù sókè, a wá ìdun, a sì wò ó bóyá wọ́n ki etí àwọ̀n ẹ̀fọn bọ abẹ́ fóòmù dáadáa. Àwọn ọmọkùnrin fẹ́ràn láti máa ká àwọ̀n náà sókè nítorí ooru. Ibà kì í bi ẹnikẹ́ni pé iṣẹ́ ta ló wá jẹ́.

Ibà mú ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ kan, ọmọ Gánà, ó dá a dùbúlẹ̀. Ó ní ẹnu òun korò, òun ò lè jẹ nǹkan kan. Nígbà tí a dé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń ka ẹsẹ Bíbélì sí i létí. Ìyá yín ò bá a wí. Ó lọ ṣí ìkòkò wò ní kíṣìnnì, ó tún dé e padà kíákíá. Ló bá pè é: "Ọmọ mi, gbé Bíbélì yẹn kalẹ̀ ná, wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń se omi ọbẹ̀ ata fún aláìsàn." Ọmọ tó tó gbéyàwó, kò bó àlùbọ́sà rí láyé rẹ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó rò pé ọwọ́ òun ló fà á. Kí a tó kúrò níbẹ̀, aláìsàn ti lá ṣíbí bíi mélòó kan, ó sì ti ní kí wọ́n bu díẹ̀ sí i. Ọmọ tó ń kàwé yẹn mọ Bíbélì jù mí lọ, mi ò sì kóyán rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ebi ẹsẹ Bíbélì kọ́ ló ń pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ọmọkùnrin, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Kí ẹ tó ra àpótí, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì tí kò ní jóná. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́wọ́, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán bọ́tìnnì, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ilé ìwẹ̀ kó má rùn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé iṣẹ́ obìnrin ni. Ìyá yín ò ní bá yín lọ.

Ọ̀rọ̀ owó náà bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2022 ni ìjọba Sàró gé òdo mẹ́ta kúrò lára owó leone wọn, síbẹ̀ àwọn ọlọ́jà ṣì ń fi iye àtijọ́ dá owó lé ọjà. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò sá kúrò nídìí tòmátì. Owó oúnjẹ tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀dọ́ lóṣù, àwọn kan ti ná an tán kí oṣù tó dá sí méjì, wọ́n á wá máa bá wa ṣe ẹ̀fẹ̀ tí kò pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá ná sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má sì ju rìsíìtì nù. Lánlọ́ọ̀dù kan wà tó ní a ò san owó ilé ọdún tó kọjá. Ó pariwo, ó pe àdúgbò jọ. Ìyá yín tó ti ń ta epo àgbọn lọ́jà Àgbálátà láti ìgbà ọmọge kò pariwo padà. Ó tú ọ̀rá kan nínú báàgì rẹ̀, ó yọ rìsíìtì, ó ní kí ọkùnrin náà wo ìbuwọ́lùwé ara rẹ̀. Ó wò ó, ó yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí a wọlé wá jẹ ìrẹsì. A wọlé, a jẹ ẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ilé tó dára lójú la máa ń gbà o. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2017, òkè ya lulẹ̀ ní Regent, lórí òkè Freetown, lẹ́yìn òjò ńlá, àwọn tó kú àti àwọn tí wọn ò rí mọ́ sì lé ní 1,000. Bí wọ́n bá mú wa lọ wo ilé, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ, kí n wo ohun tó wà lókè rẹ̀ àti ọ̀nà tí omi máa gbà kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ojú ilé kíkọ́, irú ojú bẹ́ẹ̀ wúlò ní míṣọ̀n ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Èyí tó le jù ni mo fẹ́ sọ yìí. Nílé, ìyá yín ní ọjà, èmi ní oko àgbọn àti àwọn ọ̀rẹ́ mi létí ọ̀sà. Bó bá di gbọ́nmi-si-omi-ò-to, ẹnì kan á gba ìta lọ. Ní Freetown, ìta ọ̀hún gan-an, àwa méjèèjì la jọ ń lọ, nínú mọ́tò kan, láti àárọ̀ títí di alẹ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí a wa mọ́tò láti Waterloo dé ilé láìsọ̀rọ̀. A wá fẹnu kò sí i pé inú kì í bí ẹnikẹ́ni kọjá oúnjẹ alẹ́: kí oúnjẹ tó tán nínú àwo, ẹni tó ní ẹjọ́ gbọ́dọ̀ ti rò ó. Nígbà míì, a máa ń jẹun pẹ́.

Tiyín á tún le ju tiwa lọ, torí ẹ kọ́ lẹ máa yan ẹni tí ẹ óò bá gbé. Wọ́n á fún yín ní ẹni tí ẹ ò rí rí, láti ìlú tí ẹ ò mọ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi ara yín sílẹ̀. Ẹ mọ ẹjọ́ tó pọ̀ jù lára èyí tí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ wa? Ẹjọ́ àwo tí wọn ò fọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹjọ́ ẹni tó ń hanrun. Kò sẹ́ni tó wá bá wa nítorí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tó ta kókó. Nítorí náà, àbúrò yín tí ẹ jọ ń sùn ní yàrá kan, tó ń mú yín bínú yẹn, ẹ má tíì bẹ ìyá yín pé kó lé e jáde. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fẹ́ra yín sọ́nà, ẹ jọ ṣe iṣẹ́ ilé kan tó sú èèyàn, ẹ jọ pa ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́ bí òjò bá wọ̀ ọ́, kí ẹ wo ojú ara yín níbẹ̀ kí ẹ tó tẹ káàdì ìpè.

Ọmọ Àgbádárìgì ni yín, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí yín. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń mú àlejò lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, Bíbélì lẹ máa ń nawọ́ sí. Ó dára. Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, dé síbí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 1842, Townsend, míṣọ́nnárì Áńgílíkà, ti Sàró dé ní oṣù kejìlá, wọ́n wàásù lábẹ́ igi Agia. (Igi yẹn wó ní 1959, Cotton Tree, igi àràbà ńlá àárín Freetown, náà wó ní 2023. Igi ò ń dúró de ẹnikẹ́ni.) Ìwàásù yẹn ni gbogbo wa ń sọ. Ṣùgbọ́n Freeman kò pẹ́ tó fi lọ. William de Graft àti ìyàwó rẹ̀ ló kù, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Ní 1845 ni Townsend, Gollmer àti Àjàyí Crowther dé pẹ̀lú àwọn ìyàwó wọn. Àbẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, Ṣódẹkẹ́ olórí Ẹ̀gbá kú, ogun sì dí ọ̀nà. Crowther àti Susan ìyàwó rẹ̀ jókòó síhìn-ín fún ohun tó lé ní ọdún kan, di 1846. Ìyàwó Gollmer kú síbí ní 1845 yẹn. Ilé tí àlejò ń sanwó láti wọ̀ yẹn, ilé gbígbé ni. Níbẹ̀ ni ibà ti ń mú wọn, tí wọ́n ti ń dáná. Nígbà tí mo tún gun àtẹ̀gùn rẹ̀ láìpẹ́ yìí, kàǹga tó wà nínú ọgbà ni ojú mi lọ bá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, tí ẹ sì ní in lọ́kàn láti lọ bí àwa ṣe lọ, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan pamọ́ báyìí. Owó ìfẹ̀yìntì nìkan ò tó o. Yàrá tí a fi rẹ́ǹtì l'Àjárà àti ohun tí àwọn ọmọ dá jọ ló gbé wa débẹ̀. Dókítà á yẹ yín wò dé eyín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń wo míṣọ̀n bí ọ̀nà jápa, ẹ jókòó. Bí àsìkò bá pé, ilé ni wọ́n máa dá yín padà sí.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé kò dùn wá rárá. Ọmọ-ọmọ wa kan, orí fóònù la ti ṣe ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ pe orúkọ gan-an ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Ìyá yín wẹ̀, ó wọ aṣọ, ó ní kí a lọ wo àwọn ọmọ Kissy.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ gáàsì wò, mo wà nílé l'Àjárà ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ìyá yín ní kẹ́ ẹ mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó dọ̀tí wá pẹ̀lú ọṣẹ tiyín, òun ò ní bá yín fọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Bàbá yín l'Àjárà.