Màámi, gàrí yín dé Sàhárà

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àdúrà. Mo ti padà sí London, ara mi le, àfi èékánná ẹsẹ̀ méjì tó dúdú, wọ́n á jábọ́ fúnra wọn, ẹ má jẹ́ kó ká yín lára. Mo mọ̀ pé inú yín ò dùn nígbà tí bọ̀dá sọ fún yín pé mò ń lọ sáré nínú aṣálẹ̀, mi ò sì rí i ṣàlàyé dáadáa lórí fóònù.

Marathon des Sables ni wọ́n ń pè é, ní gúúsù Mòrókò, láti 1986 ni wọ́n ti ń sá a. Ó tó 250 kìlómítà, ìpele mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Omi ni wọ́n ń fún wa, pẹ̀lú tẹ́ǹtì dúdú tá a máa sùn sí, gbogbo nǹkan tó kù ẹ̀yìn èèyàn ló máa wà, oúnjẹ, aṣọ, ohun ìbora, oògùn. Báàgì ò gbọ́dọ̀ ju kílò 15 lọ, oúnjẹ inú ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó 2,000 kálórì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí gàrí Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ fi rán àǹtí sí mi ti wọlé nìyẹn. 100 gíráàmù gàrí á fúnni ní bíi 350 kálórì, kò fẹ́ iná, omi tútù ti tó. Mo di kílò kan àti ààbọ̀, mo fi kúlíkúlí tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Okùn báàgì ti bó mi léjìká lọ́jọ́ kejì, mo bá ká ìbọ̀sẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ bí òṣùká, ẹ̀yin lẹ wá sí mi lọ́kàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ru ẹrù lọ ọjà láti kékeré.

Ọjọ́ gígùn ló le jù, ó lé ní 80 kìlómítà, ilẹ̀ ṣú mọ́ wa lórí iyanrìn, tọ́ọ̀ṣì orí nìkan la fi ń ríran. Ràkúnmí ló ń bọ̀ lẹ́yìn gbogbo èèyàn, tí wọ́n bá fi lè kọjá ẹnì kan, eré onítọ̀hún ti parí nìyẹn. Gbogbo ohun dídùn tí mo kó dání, ẹnu mi kọ̀ ọ́, tí mo bá ti fi kan ètè ni inú mi á máa rú. Mo jókòó sílẹ̀, mo bu gàrí sínú ife, mo da omi sí i díẹ̀, torí omi ọ̀hún ò pọ̀ lọ́wọ́ mi. Kíkan ẹ̀ ló ṣí ọ̀fun mi Màámi, mo jẹ ẹ́ tán, ojú mi là, mo dìde. Ìyá òyìnbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí ò lè gbé nǹkan mì, mo bu fún un, ó jẹ ẹ́, a jọ rìn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo sá a parí. Wọ́n fi mẹ́dàlì kọ́ mi lọ́rùn, mo ti fi sínú àpótí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbé e lé lọ́wọ́ tí mo bá délé ní Kérésì. Ẹ bá mi kí ẹni tó yan gàrí yẹn, tí èèyàn kan bá tún ń bọ̀ wá síbí kẹ́ ẹ fi díẹ̀ rán an, ti tẹ́lẹ̀ ti tán.

Èmi ọmọ yín.