Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi: fáwùlù márùn-ún ni, kì í ṣe mẹ́fà

Ìbàdàn

Kọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

O kú àtijọ́. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà, àbí òtútù ti fẹ́ gbé yín lọ? Mo rí ìbéèrè rẹ nípa AfroBasket, ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ (basketball) ilẹ̀ Áfíríkà: o ní ṣé wọn ò rẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan jẹ, tí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú eré nígbà tí fáwùlù rẹ̀ (àṣìṣe tí rẹfirí ń fọn fèrè sí) pé márùn-ún. Wọn ò rẹ́ ẹni náà jẹ rárá. NBA, líìgì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ti mọ́ ọ lójú: ìṣẹ́jú 48, fáwùlù mẹ́fà. Òfin FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lágbàáyé, ni AfroBasket ń lò, ìṣẹ́jú 40, márùn-ún péré.

Technical, ìyẹn fáwùlù ìwàkiwà bíi kéèyàn máa bú rẹfirí, ló sábà máa ń da ọ̀rọ̀ rú. Ní NBA, kò sí lára mẹ́fà yẹn. Ní FIBA, ó wà lára márùn-ún. Ẹni tó ti ní mẹ́rin, tó wá ń fapá jánú sí rẹfirí, òun ló lé ara rẹ̀ lọ. Bó bá ti pé márùn-ún, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Ó lè jókòó sórí bẹ́ńṣì, àmọ́ kó yáa panu mọ́ o! Bó bá bú rẹfirí níbẹ̀, ọrùn akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ni wọ́n ń kọ technical ọ̀hún sí. Bí irú ẹ̀ bá di mẹ́ta, akọ́nimọ̀ọ́gbá ń lọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìwà tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, méjì ti tó.

Kí fáwùlù pé yàtọ̀ sí kí wọ́n léèyàn jáde. Technical méjì, unsportsmanlike (fífara kan alátakò lọ́nà tí kò bá ìlànà eré mu) méjì, tàbí ọ̀kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á lé e. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ fìdí kan bẹ́ńṣì mọ́: yálà kó wọ yàrá ìmúra lọ, tàbí kó kúrò nínú ilé eré pátápátá. Unsportsmanlike tí mo kórìíra jù nìyí: alátakò já bọ́ọ̀lù gbà, ó ń sáré lọ sídìí àwọ̀n, kò sẹ́nì kankan níwájú rẹ̀, o wá fa aṣọ rẹ̀ látẹ̀yìn. Free throw (jíju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láìsí ẹni tó ń dí ẹni tó ń jù ú lọ́wọ́) méjì, bọ́ọ̀lù á sì tún jẹ́ tiwọn. Bó o bá jẹ́ kó jù ú wọlé, ojú àmì méjì péré lo pàdánù, bọ́ọ̀lù á sì wá sọ́wọ́ yín.

Fáwùlù ti gbogbo ikọ̀ lápapọ̀ kò le. Bí fáwùlù bá ti kọjá mẹ́rin nínú kọ́tà kan (ìdá kan nínú mẹ́rin eré), free throw méjì ni láti orí ìkarùn-ún, àyàfi bí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ikọ̀ tó ṣẹ̀. Àfikún àkókò kì í bẹ̀rẹ̀ láti òdo o. Iye tó wà nílẹ̀ ní kọ́tà kẹrin ló ń bá lọ.

O tún bèèrè pé bí èèyàn ò bá kù lórí bẹ́ńṣì ńkọ́. Ní NBA, agbábọ́ọ̀lù márùn-ún tó wà lórí pápá ò gbọdọ̀ dín: ẹni tó gba fáwùlù kẹfà á máa gbá a lọ, ṣùgbọ́n ikọ̀ rẹ̀ á jẹ technical. Ní FIBA, mẹ́rin, mẹ́ta, kódà méjì ń gbá a. Bó bá ku ẹnì kan ṣoṣo, eré ti parí, wọ́n ti pàdánù.

Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ.

Èmi ni tìrẹ,
Wálé