Póìntì méjì náà tún ni, Múfú

Houston, Texas
Ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Múfú ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní o jí ní aago méjì òru torí àṣekágbá básíkẹ́ẹ̀tì àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, tí Yunifásítì Houston wa bá Florida gbá, wọ́n sì mú iná lọ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe parí fún ọ, ara mi ò tíì balẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.

Ilé Bàbá Kẹ́hìndé ní Alief la ti wò ó. Nígbà tí a fi 42 sí 30 ṣíwájú Florida, ariwo wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé kúrò. Walter Clayton, ọmọ Florida tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, kò rí póìntì kan ṣoṣo ní ìdajì àkọ́kọ́. Àfi bí wọ́n ṣe ń bá wa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, Florida ti ní 65, àwa ní 63, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wa. Emanuel Sharp tiwa gbà á, ó fò sókè kó jù ú. Clayton ti fò dé iwájú rẹ̀. Sharp rí i pé ó máa dá a padà, ló bá jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù látòkè. Bọ́ọ̀lù ń ta nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì lè fọwọ́ kàn án, torí tó bá fi kàn án, òfin mú un nìyẹn. Ó dúró tì í, ó ń wò ó. Ọmọ Florida kan bẹ́ lé e, àkókò sì tán.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ yẹn. Ìyá Kẹ́hìndé gbé ìrẹsì ọ̀fadà tó ń bù fún wa padà sí kíṣìnì.

Póìntì méjì náà ni, Múfú! 54 sí 52 ni wọ́n fi na Houston ní àṣekágbá 1983, nígbà tí Lorenzo Charles ti North Carolina State fa bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn jù tì mú lófuurufú, tó rọ́ ọ wọlé. Akeem Olajuwon, ọmọ Nàìjíríà tiwa tó ń gbá fún Houston, ní 20 póìntì lọ́jọ́ náà, òun sì ni wọ́n fi ṣe ẹni tó dára jù lọ, síbẹ̀ ife kò kàn án. Ní àṣekágbá 1984, Georgetown tún lù wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Houston ti dé àṣekágbá báyìí, ọwọ́ wọn ò tíì tó ife. Mo rántí ẹ̀yìn ilé Ìyá Ẹlẹ́kọ àti ohun tí bùrọ̀dá Sìkírù sọ fún wa lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ náà ò lè gbàgbé.

Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú, Yunifásítì Duke fi póìntì 14 ju wọ́n lọ nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, wọ́n sì borí, 70 sí 67. J'Wan Roberts tiwa ló ju free throw (ìjù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fúnni tí wọ́n bá ṣẹ̀ ọ́) méjèèjì wọlé tí wọ́n fi bọ́ síwájú. Ọdún mẹ́fà lọmọ yẹn lò ní yunifásítì kan ṣoṣo, lásìkò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ti ibì kan bọ́ sí òmíràn lọ́dọọdún nítorí owó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ìyàwó mi ti yege ìdánwò nọ́ọ̀sì, orúnkún mi ṣì ń dùn mí, Mọ́mì ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ Tàjú ọmọ rẹ ló kù. Òun ni kò jẹ́ kí n sùn, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Jọ̀ọ́, má bínú sí Ìyá Tàjú, òun ló sọ fún ìyàwó mi pé o fẹ́ ta ilẹ̀ Mọ́wé, kí o lè san owó fún ọkùnrin tó ní òun máa wá ilé ìwé tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún un níhìn-ín. Mo mọ̀ pé ọmọ náà ga, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ ọdún 18, irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló mú un wá. Ilé ìwé tí wọ́n mú un lọ kò ní ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì rárá. Orí àga gígùn nínú pálọ̀ ẹnì kan ló ń sùn báyìí, wọ́n gbé àpótí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé. Ìyá rẹ̀ rò pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo wo ẹsẹ̀ yẹn, Tàjú ni mo rí.

Ilé ìwé tó bá fẹ́ fún ọmọ ní sikọ́láṣípù kì í kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì fọwọ́ síwèé ilẹ̀ yẹn. Fi lẹ́tà tí ọkùnrin náà fún ọ ránṣẹ́ sí mi, èmi fúnra mi máa pe ilé ìwé tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kí Tàjú náà fi èsì WAEC rẹ̀ ránṣẹ́, àti fídíò eré kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe ibi tó ti ń dúnkì, tó ń fọwọ́ rọ́ bọ́ọ̀lù wọlé, nìkan.

Tó bá ti ní kóo san nǹkan kan lọ́sẹ̀ yìí, pè mí kó o tó san án, bó ṣe òru.

Èmi ni,
Dípọ̀