Ààbò méjì ló wà, ẹ má pa wọ́n pọ̀ mọ́

Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làákàyè.

Ọ̀rọ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ, ó dẹ̀ ti ń jẹ mí lẹ́nu ọjọ́ ti pẹ́. Gbogbo ìgbà tọ́rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára bá ti jáde nínú ìwé ìròyìn yín, oríṣi lẹ́tà méjì ló máa ń tẹ̀lé e. Ẹnìkan á ní òun ti kó kòrónà rí, ara òun ti mọ̀ ọ́n, kí lòun tún fẹ́ fabẹ́rẹ́ ṣe. Ẹlòmíì á ní òun gbabẹ́rẹ́ pé pérépéré, òun dẹ̀ tún kó o, torí náà omi lásán ni wọ́n ń fún wa. Àwọn méjèèjì ń bára wọn jà, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ibì kan náà lẹsẹ̀ wọn ti yọ̀: wọ́n rò pé ààbò jẹ́ nǹkan ẹyọ kan, kéèyàn ní in tàbí kó má ní in. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ààbò tí ò ní jẹ́ kéèyàn kó àrùn yàtọ̀ sí ààbò tí ò ní jẹ́ kí àrùn yẹn dá a dùbúlẹ̀, ti àkọ́kọ́ kì í pẹ́ lọ nínú ọ̀pọ̀ àrùn, ìkejì ló máa ń dúró tini.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, mi ò ní fi gírámà pa yín. Tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ ara, tàbí tí abẹ́rẹ́ bá fi díẹ̀ nínú ìrísí ẹ̀ han ara, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àńtíbọ́dì, òun ló máa ń lẹ̀ mọ́ fáírọ́ọ̀sì kó má ráyè wọ sẹ́ẹ̀lì wa. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sígbà yẹn ó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí nǹkan míì, tó bá dẹ̀ jẹ́ imú ni fáírọ́ọ̀sì gbà wọlé, imú àti ọ̀fun náà á ní tiwọn. Lásìkò yẹn, ó ṣòro kéèyàn tó tún kó o. Ṣùgbọ́n kì í dúró bẹ́ẹ̀, oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ohun tó máa ń ṣẹ́kù ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń rántí. Àwọn kan jókòó sínú mùdùnmúdùn eegun tí wọ́n rọra ń ṣe àńtíbọ́dì díẹ̀díẹ̀, àwọn míì ń rìn kiri inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ mọ̀ kí wọ́n pa á. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe oníbodè o, ọlọ́dẹ tó sùn ni wọ́n, ó máa ń tó ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó jí kí wọ́n sì kóra jọ. Ìdí nìyẹn téèyàn fi lè kó o, kí imú ẹ̀ máa ṣàn, kí ara gbóná, síbẹ̀ kí fáírọ́ọ̀sì má ráyè dé inú ẹ̀dọ̀fóró kó bà á jẹ́.

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti dùn, torí àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé téèyàn kì í ṣe èéyí, ìyẹn mísùsù, lẹ́ẹ̀mejì, tó jẹ́ pé kátà ń padà wá lọ́dọọdún? Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn erékùṣù Faroe, tó wà lábẹ́ Denmark, lọ́dún 1846. Mísùsù wọbẹ̀, nínú èèyàn tí ò tó 8,000 tó ń gbébẹ̀, nǹkan bí 6,000 ló kó o. Wọ́n rán dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, Peter Ludvig Panum, pé kó lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó bá àwọn arúgbó kan níbẹ̀ tí àrùn náà ò fọwọ́ kàn rárá, ìgbà tó dẹ̀ wádìí wọn, gbogbo wọn ló ti ṣe é nígbà tó jà kẹ́yìn níbẹ̀, ní 1781. Àwọn arúgbó tí ò ṣe é ní 1781 kó o bíi tọmọdé. Ọdún 65 rèé o, mísùsù ò dẹ̀ wọ ibẹ̀ láàárín méjèèjì ká tó sọ pé bóyá wọ́n ń pàdé ẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé mísùsù kì í yí ojú padà, ó dẹ̀ tún máa ń rìn kiri inú ara fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ibà tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá tó kí ọlọ́dẹ jí, kó bọ́jú, kó múra. Kòrónà ò ní sùúrù yẹn, Omicron, ẹ̀yà kòrónà tó jáde ní ìparí 2021, lè mú èèyàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré, inú imú ló dẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀, ó tún ti pa ojú dà tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àńtíbọ́dì tó mọ ti àkọ́kọ́ ò dá a mọ̀ mọ́. Ẹ ò wá rí i pé kò sí bá a ṣe fẹ́ fi mísùsù wọn kòrónà?

Kì í dẹ̀ ṣe pé kòrónà 2019 ló bẹ̀rẹ̀ irú ìwà yìí. Àwọn kòrónà kan ti wà láàárín wa tipẹ́ tó jẹ́ pé kátà lásán ni wọ́n ń fà. Àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀kan nínú wọn, 229E lorúkọ ẹ̀, wọ́n kán an sí imú àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, nígbà tó di ọdún kan wọ́n tún kán an sí wọn nímú. Èsì ẹ̀ jáde ní 1990: púpọ̀ nínú àwọn tó ti kó o tẹ́lẹ̀ ló tún kó o, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkankan nínú wọn tí kátà mú. Wọ́n kó o, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ohun tí mò ń sọ láti òkè wá náà nìyẹn, ó ti wà nínú ìwé ọgbọ̀n ọdún kí kòrónà yìí tó dé.

Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí apá, inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń ṣe àńtíbọ́dì jù, kì í fi bẹ́ẹ̀ dé imú. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló jẹ́ ká rí èyí kedere, ọmọ tó gba ti abẹ́rẹ́ ò ní rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì náà ṣì lè pọ̀ nínú ìfun ẹ̀ kó sì bá ìgbẹ́ jáde. Èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu ló ń dáàbò bo ìfun. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé abẹ́rẹ́ tó gba ọmọ lọ́wọ́ àrọ ò wúlò, àbí?

Mo fẹ́ fún àwọn tó ní àwọn ti ṣe é rí ní ẹ̀tọ́ wọn o, torí àwọn kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kíkó àrùn ò já mọ́ nǹkan kan, irọ́ ni. European Union gan-an kà á, ìwé àṣẹ ìrìn-àjò kòrónà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní July 2021 gba ẹni tó ti kó o tó sì yè é fún 180 ọjọ́. Àkójọpọ̀ ìwádìí kan tún jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń pè ní The Lancet Infectious Diseases ní 2023, lórí Omicron. Ẹni tó ti kó kòrónà rí nìkan, lẹ́yìn ọdún kan, ààbò tó ní lọ́wọ́ àìsàn tó le tó bí ìdá 75 nínú 100, ti kó má tún kó o rárá ò ju bí ìdá 25 lọ. Ẹni tó kó o tó tún gbabẹ́rẹ́, ti àìsàn tó le di ìdá 97, ti kíkó di bí ìdá 42. Ẹ ka nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn méjèèjì tó ń kọ lẹ́tà sí yín ló ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ níbẹ̀, kò dẹ̀ sẹ́ni tó ní gbogbo ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí gbogbo èèyàn lọ kó àrùn kí ara lè mọ̀ ọ́n, òun ni mi ò lè bá rẹ́. Ẹni tó bá yè é ló ń kọ lẹ́tà sí Olóòtú, ẹni tó kú ò kọ ọ́. Mísùsù tá a ní ó ń fún èèyàn ní ààbò ọjọ́ ayé yẹn, owó tó ń gbà kéré ni? Ìwádìí tó jáde ní 2019 yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ò gbabẹ́rẹ́ wò ṣáájú mísùsù àti lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n rí i pé ó pa láti ìdá 11 dé ìdá 73 nínú 100 rẹ́ lára àńtíbọ́dì tí wọ́n ti ní lórí àwọn àrùn míì. Ọmọ á ṣe mísùsù tán, ara ẹ̀ á gbàgbé òmíì tó ti mọ̀. Abẹ́rẹ́ mísùsù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, dóòsì méjì ẹ̀ dẹ̀ ń dáàbò bo èèyàn dé bí ìdá 97 nínú 100. HPV tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ tún burú ju ìyẹn lọ fún àwọn tó gbára lé kíkó, torí kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ ara kì í tilẹ̀ mọ̀ pé ó wá, abẹ́rẹ́ ló ń jẹ́ kí àńtíbọ́dì ẹ̀ pọ̀. Dengue, ibà kan tí ẹ̀fọn ń kó ranni, ńkọ́, mẹ́rin ni oríṣi ẹ̀, ẹni tó ti ṣe ọ̀kan rí lè rí èyí tó le jù nígbà tó bá kó oríṣi kejì. Nítorí náà, "mo ti ṣe é rí" ò ní ìtumọ̀ kankan àyàfi téèyàn bá sọ èwo ló ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ṣe fún wa ò le. Nígbà míì tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé "Wọ́n gbabẹ́rẹ́, wọ́n tún kó o", ẹ jọ̀ọ́ ẹ bi àwọn tẹ́ ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò: mélòó ló dé ọsíbítù, oṣù mélòó ló ti kọjá tí wọ́n gbabẹ́rẹ́ ìkẹyìn, ẹ̀yà wo ló ń jà nígboro lásìkò yẹn. Tí wọn ò bá lè dáhùn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò dáhùn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan