Sí Bùọ̀dá Mi, Láti Sgwd Einion Gam

Bùọ̀dá mi,

Lánàá ni wọ́n ṣe àdúrà ìrántí yín nílé. Wọ́n ní kí n máa wò ó lórí WhatsApp. Ọkàn mi ò gbà á. Mo wọkọ̀ lọ sí Pontneddfechan, mo wọ inú Bannau Brycheiniog lọ, ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ní Wales níbí.

Sgwd Gwladus, omi tó ń já bọ́ látorí àpáta lójú odò Pyrddin, ni gbogbo èèyàn máa ń lọ ya fọ́tò, torí ọ̀nà gidi dé ibẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ti rí omi Pyrddin tán. Irọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé odò náà sókè sí i, ọ̀nà á pòórá, ẹ ó máa bọ́ sómi, ẹ ó máa jáde, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Òkè yẹn ni Sgwd Einion Gam wà, omi àpáta lòun náà. Kò ga tó Henrhyd, omi àpáta míì ní Wales níbí, tó jẹ́ mítà 27, kò sì sẹ́ni tó ń wá a wá. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Omi ti kún bàtà mi, mo bọ́ ọ, mo gbé e dání, ni ọ̀rọ̀ omi àpáta Olúmirin bá dé.

Ẹ ò lè ní ẹ ò rántí. Ìpele kìíní, Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ẹ kó bàtà yín lé mi lọ́wọ́, èyí tí okùn rẹ̀ já tẹ́ ẹ fi wáyà so. Ẹ ní, "Jókòó síbí, mò ń bọ̀ wá mú ẹ." Ìpele méje ni. Àwọn tó bá yín gòkè ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti fún aṣọ wọn, wọ́n ti ra gúgúrú jẹ. Ilẹ̀ ti ń ṣú kẹ́ ẹ tó dé, ẹ̀rín lẹ ń rín, ẹ ní ẹ dé abúlé Abáké lókè pátápátá. Ẹ gba bàtà yín. Ó parí.

Ẹ̀yin náà lẹ ta ọ̀kadà yín tí mo fi rówó físà san, mi ò jẹ́ gbàgbé. Àmọ́ kí ló dé tẹ́ ẹ ò padà wá mú mi? Ṣé ẹ̀rù ń bà yín pé màá yọ̀ ṣubú ni, àbí mo kàn máa dí yín lọ́wọ́? Nígbà tí àìsàn yẹn dé náà, "Ara ti ń yá, mò ń bọ̀ wá kí ẹ" lẹ ń wí lórí fóònù. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lẹ ti ń wí i. Gbogbo ilé ló mọ̀, àfi èmi.

Owó iléèwé àwọn ọmọ yín ti wá já lé mi léjìká. Ibi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n ti dín iṣẹ́ alẹ́ mi kù, físà mi ò sì ní pẹ́ parí. Ìyàwó yín tún ní ẹ ra ilẹ̀ kan, pé ọwọ́ mi ni ìwé ẹ̀ wà. Bùọ̀dá, ìwé wo? Ta lẹ kó o fún?