Ẹ bá mi pe bàbá yẹn wá sí JS2

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó bébà, torí mo mọ̀ pé bébà ti wọ́n.

Lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín láti Modákẹ́kẹ́ ló jẹ́ kí n gbé bírò. Wọ́n ní kí ìjọba kó gbogbo tíṣà tó gba ọ̀nà NCE, ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́jì ẹ̀kọ́, wọlé kúrò ní SS, pé ẹni tó bá ka ìṣirò pọ́ńbélé ní yunifásítì nìkan ló yẹ kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní maths. Ó dùn mí o, torí NCE lèmi fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta NCE, mo wá fi ìwé NCE yẹn wọ yunifásítì láti ọdún kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní Direct Entry, ọdún mẹ́ta míì kí n tó gba B.Sc.Ed., ẹni tó gba JAMB wọlé ń lo mẹ́rin, èmi lo mẹ́fà, wọ́n tún ní mi ò tó.

Ká má purọ́, bàbá ò jẹ̀bi tán. Differentiation àti integration ti wà nínú maths tí gbogbo ọmọ SS3 ń ṣe, kì í ṣe Further Maths nìkan, tíṣà tó bá jẹ́ pé ojú ewé kan péré ló fi ṣáájú ọmọ, ọmọ á lé e bá lọ́jọ́ kan. Ibi tí wọ́n ti ń ṣa àwa tíṣà gan-an náà ò dáa: lọ́dún 2025, máàkì JAMB tó kéré jù tí wọ́n fẹnu kò lé lórí, 150 fún yunifásítì, 100 fún kọ́lẹ́jì ẹ̀kọ́. Àti pé nínú kíláàsì wa nígbà yẹn, Engineering ni èyí tó pọ̀ jù fẹ́, kò bọ́ sí i ni wọ́n bá dà wọ́n sọ́dọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo inú dìgírì ọ̀hún. Real Analysis, Abstract Algebra, Complex Analysis, mo ṣe gbogbo ẹ̀, mo sì pàsì, mi ò ní kí wọ́n yọ wọ́n. TP mi àkọ́kọ́, ìyẹn ìgbà tí wọ́n ní ká lọ fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò nílé ìwé, ni ojú ti tì mí. JS2 ni, mo ti kọ (−3) × (−200) sójú bọ́ọ̀dù, ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò nawọ́: "Mà, kí ló dé tó fi di plus?" Mo dúró, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni òfin ẹ̀ ṣe wí." Ọmọ yẹn wò mí, ó rọra pa nóòtù ẹ̀ dé.

Ta ló wá kọ́ mi? Kì í ṣe lẹ́kúrà o. Màmá kan ní staffroom ni, NCE ni wọ́n ní, àwọn gan-an tí bàbá fẹ́ kó kúrò. Wọ́n ní, "Ṣebí gbèsè ni minus? Tí ìyá aláta ní ọjà Àtàkúnmọ́sà bá yọ gbèsè ₦200 kúrò lọ́rùn ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣé o ò ti fi ₦600 sàn ju bó o ṣe wà lọ ni?" Ó parí. Ọdún mẹ́fà, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi.

Bẹ́ẹ̀ yíyọ yìí, inú èdè wa ló wà. Ẹ wo márùndínláàádọ́ta: ogún mẹ́ta, yọ mẹ́wàá, tún yọ márùn-ún. Ọmọ tó bá lè ka 45 ní Yorùbá ti ń ṣe minus kó tó wọ kíláàsì, kò sì sí kọ́ọ̀sì kan tó sọ bí tíṣà ṣe lè lò ó. Agbègbè wa níbí náà sì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò fún ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní Modákẹ́kẹ́ o! Ó yẹ kí bàbá mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ti àwọn tó ka pure maths, wọ́n gbé kọ́pà kan wá fún wa, orí ẹ̀ pé, ẹ̀yìn ló sì ń kọ sáwọn ọmọ láti àárọ̀ dọ̀sán, àfi kí ẹ máa gbọ́ "therefore, therefore". Àwọn ọmọ ń pè é ní Sà Therefore. Ó ku bí oṣù kan kó lọ ló bẹ̀ mí kóun wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi. TRCN, àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀, tí òfin 1993 dá sílẹ̀ náà mọ̀, ni wọ́n ṣe ní kí irú wọn lọ ṣe PGDE, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tíṣà lẹ́yìn dìgírì, kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kọ́ọ̀sì tó máa tú ìṣirò JS àti SS fúnra ẹ̀ palẹ̀, ìdí rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́ wa, kí TP sì gùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni tèmi ní yunifásítì, ẹ̀ẹ̀mejì ni lẹ́kúrà wá wò mí, èyí kejì ò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n wo lesson note, wọ́n wo bàtà mi, wọ́n sáìnì.

Kí bàbá wa wọ mọ́tò wá sí Iléṣà lọ́jọ́ Túsìdeè, period kejì ni mo ní JS2. Èmi á fún wọn ní ṣọ́ọ̀kì.

Èmi ni,
Tíṣà ìṣirò kan, Iléṣà.