Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pẹ́, Gẹ̀ẹ́sì wo la ó kọ sí oníbàárà?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò wa ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n yé kọ ọgbọ̀n àkànlò èdè sójú pátákó lẹ́ẹ̀kan náà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ há wọn sórí. Èyí tó jẹ mọ́ ìdíwọ́ àti ìfàsẹ́yìn ló léwu jù nínú wọn, torí ìgbà tí owó oníbàárà ti wà lọ́wọ́ wa, tí inú sì ti ń bí i, la máa ń lò ó.

Ẹ jẹ́ ká mú télọ̀ tó ń rán aṣọ ẹbí fún àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí bọ́tìnnì bá tán, "we've hit a snag" ti tó: ìdíwọ́ kékeré yọjú, iṣẹ́ ṣì ń lọ. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà bá ń já òwú, "teething problems" nìyẹn. Ohun tuntun nìkan ló wà fún. Ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 8 kò sí níbẹ̀. Bí aṣọ tí wọ́n ti gé bá kún ilẹ̀ nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ iṣẹ́ sí ọrùn agbádá, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni "bottleneck", ibi tí iṣẹ́ ti há, wà, ó sì yẹ kí télọ̀ dárúkọ ibẹ̀. "Back to the drawing board" ló wúwo jù: ètò ti wó, a ń bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Télọ̀ tó ń tún apá aṣọ kan ṣoṣo ṣe tó wá kọ èyí ti fọwọ́ ara rẹ̀ sọ fún oníbàárà pé gbogbo aṣọ ló bàjẹ́.

Ẹ̀bi náà wà nínú wọn. "We dropped the ball" túmọ̀ sí pé àwa la jẹ̀bi, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ ọ́ nígbà tó jẹ́ pé kọ́sítọ́ọ̀mù ló dá ẹrù dúró.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni èdè wa ti ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà jù. Bí a bá ní wọ́n ti sún ìpàdé síwájú, ó ti kúrò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. "Bring forward" jọ ọ́ létí, àmọ́ òdìkejì rẹ̀ gan-an ni: ọjọ́ ti wá sí tòsí. "Push back" ni sún síwájú tiwa, "back" inú rẹ̀ ló sì ń tan ni jẹ. Ẹ kọ ọjọ́ méjèèjì tì í: "pushed back from Tuesday 4 to Friday 7". Kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́.

Ẹ yẹra fún "table". Lẹ́nu ará Lọ́ńdọ̀nù, ká gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún ìjíròrò ni. Lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná ni. "Go-slow" tiwa ní ọ̀nà Àpápá kì í ṣe ti òyìnbó: lọ́dọ̀ wọn, òṣìṣẹ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ ń falẹ̀ nítorí ìjà òun àti ọ̀gá ni. Ẹ kọ "traffic". "Behind schedule", ìyẹn ni pé iṣẹ́ ti pẹ́ ju ètò lọ, kì í sì í gba "the" láàárín.

Nínú lẹ́tà, àkànlò kan ti tó. Ohun tó fa ìdíwọ́, iye ọjà tó kàn àti ọjọ́ tuntun ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: "We've hit a snag: the lace for 12 of the 40 outfits is still with customs. The other 28 leave Lagos on Friday 7, and the last 12 on Friday 14." Oníbàárà tó bá ka èyí mọ iye ènìyàn tó máa wọ aṣọ lọ́jọ́ àríyá. Àkànlò mẹ́ta láìsí ọjọ́ kankan á jẹ́ kó rò pé wọ́n fẹ́ sá lọ.

Bí ẹ bá lè ya igun kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, ìdíwọ́ kan ni kí ẹ máa gbé síbẹ̀ lọ́sẹ̀, kí àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà mẹ́ta lórí rẹ̀: ọ̀kan sí oníbàárà, ọ̀kan sí ẹni tó ń kó ọjà fún wọn, ọ̀kan sí ọ̀gá. Kí ẹ wá tẹ èyí tó dára jù jáde lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú àtúnṣe.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìbàdàn